Ṣíṣètò rọ́kà àámù nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́

Ṣíṣètò rọ́kà àámù jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ àtúntò ẹ́ńjìnì. Nínú iṣẹ́ yìí, mẹkáníìkì máa ń to àwọn apá irin tí ó ń ṣí fáàfù padà sórí tọ́ọ̀pù sílíńdà, a sì fi àlàfo tín-ín-rín, tí kò nípọn ju ewé ìwé méjì tàbí mẹ́ta lọ, sí àárín imú apá irin kọ̀ọ̀kan àti ìdí fáàfù rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń pè é ní sísẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ náà kì í gba àkókò púpọ̀. Síbẹ̀, òun ni ó máa ń pinnu bóyá owó tí olówó ọkọ̀ ná sórí ẹ́ńjìnì yóò so èso, tàbí fáàfù yóò jó láàárín oṣù díẹ̀, tí ọkọ̀ yóò sì dúró pẹ̀lú ẹrù lórí sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti kan àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ irú èyí tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, pàápàá àwọn Mercedes-Benz onímú tí wọ́n ń lo ẹ́ńjìnì OM 352.

Orúkọ àti ìtumọ̀

Rọ́kà àámù, tí a máa ń ké kúrú sí rọ́kà, jẹ́ apá irin kúkurú tí ó gùn lé ọ̀pá kan ní àárín, tí orí rẹ̀ méjèèjì sì lè lọ sókè sódò. A lè fi í wé pákó tí àwọn ọmọdé gbé lé orí ìtì igi, tí ọ̀kan jókòó sí orí kìíní, tí èkejì jókòó sí orí kejì. Bí ẹni kìíní bá lọ sókè, ẹni kejì á lọ sílẹ̀. Ọ̀pá tí àwọn rọ́kà gùn ni à ń pè ní ọ̀pá rọ́kà. Ní ẹ́ńjìnì mìíràn, ọ̀pá kan ṣoṣo ni ó gbé gbogbo rọ́kà. Ní òmíràn, ọ̀pá náà pín sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fáàfù ni ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnì. Fáàfù afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú sílíńdà, fáàfù èéfín sì ni ó ń jẹ́ kí èéfín jáde. Tápẹ́ẹ̀tì gan-an ni irin kékeré tí ó jókòó sórí kámúṣáàfù nínú ikùn ẹ́ńjìnì. Nítorí náà, orúkọ tí àwọn mẹkáníìkì ń lò fún iṣẹ́ yìí kò bá ibi tí ọwọ́ wọn wà mu pátápátá, nítorí orí rọ́kà ni wọ́n ti ń ṣètò, kì í ṣe orí tápẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àlàfo kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, Abẹ́òkúta ni ó gbà kọjá. Kò gba Ìjẹ̀bú-Òde. Nítorí èyí, orí títì ni òwò àwọn ará Ìjẹ̀bú gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí mọ́tò dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń gbé gààrí, obì, epo pupa àti igi gẹdú jáde, òun náà ni ó sì ń gbé ọjà Èkó wọlé. Títì tí ó so Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin pọ̀ sọ ìlú náà di ibi tí ẹrù láti Èkó sí ìlà-oòrùn Nàìjíríà ń gbà kọjá.

Lára àwọn ọkọ̀ tí àwọn àgbà kò lè gbàgbé ni Bedford, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1931. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ni wọ́n máa ń fi pákó ṣe ara rẹ̀. Ọkọ̀ onípákó yìí ni àwọn ènìyàn ń pè ní bọ́lẹ̀kájà, èyí tí ó túmọ̀ sí "bọ́ sílẹ̀ kí á jà", nítorí ìjà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn èrò àti àwọn ọmọ ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Mercedes-Benz onímú gbòde. Ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ Jámánì náà gbé irú ọkọ̀ yìí jáde. Èyí tí ó lókìkí jù ní Nàìjíríà ni 911. Nínú ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbà sọ ọkọ̀ wọn lórúkọ, nọ́ńbà tí ó ṣáájú ń tọ́ka sí ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ ní tọ́ọ̀nù, èyí tí ó kẹ́yìn sì ń tọ́ka sí agbára ẹ́ńjìnì. Nípa bẹ́ẹ̀, 911 jẹ́ ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 9 tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 110, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn awakọ̀ wa máa ń di ẹrù tí ó ju èyí lọ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Mercedes-Benz ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí Leyland ti ń to tirẹ̀ ní Ìbàdàn, tí Steyr sì ń to tirẹ̀ ní Bauchi.

Títí di òní, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì ń ru gẹdú àti yanrìn. Igbó Ọmọ, tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí UNESCO sì kà mọ́ àwọn igbó tí a ń dáàbò bò lágbàáyé ní ọdún 1977, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a mọ̀ mọ́ òwò gẹdú. Ọ̀nà inú igbó kò rọrùn fún ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Irin rẹ̀ nípọn, a lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi, a sì lè tún un tò. Ìdí nìyí tí mímọ bí a ṣe ń tò ó dáadáa fi jẹ́ ìmọ̀ tí ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé.

Bí rọ́kà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ́ńjìnì OM 352 jáde ní ọdún 1964. Ó ní sílíńdà 6 tí ó tò tẹ̀lé ara wọn, ẹnu sílíńdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 97, písítìn rẹ̀ sì ń rìn ní mìlímítà 128. Àpapọ̀ ìwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí lítà 5.7. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní fáàfù 2, èyí tí ó mú kí rọ́kà jẹ́ 12.

Ìṣípòpadà tí ó ń ṣí fáàfù bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kíráńkì ń yí, ó ń fi jíà yí kámúṣáàfù. Ní gbogbo ìgbà tí kíráńkì bá yí ẹ̀ẹ̀mejì, kámúṣáàfù á yí ẹ̀ẹ̀kan. Kókó tí ó wà lára kámúṣáàfù á ti tápẹ́ẹ̀tì sókè, tápẹ́ẹ̀tì á ti ọ̀pá gígùn kan tí à ń pè ní púùṣì-rọ́ọ̀dù, púùṣì-rọ́ọ̀dù á sì ti orí kan rọ́kà sókè. Nígbà náà ni orí kejì rọ́kà yóò tẹ ìdí fáàfù mọ́lẹ̀, fáàfù á sì ṣí. Bí kókó náà bá ti kọjá, sípíríǹgì á fa fáàfù padà sí ìjókòó rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í sinmi. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 2,800 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó sì ń pa dé, ní ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan náà. Ní wákàtí kan, ó di ìgbà 84,000. Àṣìṣe kékeré tí a tún ṣe ní iye ìgbà yìí kì í ṣe kékeré mọ́.

Ìdí tí àlàfo fi ṣe pàtàkì

Irin máa ń gùn sí i bí ó bá gbóná. Irin tí ó gùn ní sẹ̀ntímítà 10, tí ooru rẹ̀ bá gòkè ní ìwọ̀n 100°C, yóò gùn sí i ní nǹkan bí mìlímítà 0.12. Ooru fáàfù èéfín ju èyí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí iná ni ó ń gba ara rẹ̀ kọjá. Bí kò bá sí àlàfo kankan láàárín rọ́kà àti fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, fáàfù tí ó ti gùn sí i kò ní lè pa dé mọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Rọ́kà á dì í mú sí ẹnu ọ̀nà.

Fún OM 352, àlàfo tí a ń ṣètò nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù ni mìlímítà 0.20 fún fáàfù afẹ́fẹ́ àti mìlímítà 0.30 fún fáàfù èéfín. Ti èéfín pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lọ nítorí pé ooru tirẹ̀ pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ tútù ń tu fáàfù afẹ́fẹ́ lára ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣí, ṣùgbọ́n fáàfù èéfín kò ní irú ìtura bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí fáàfù èéfín ń gbà tú ooru dànù ni ìjókòó rẹ̀. Ní àkókò tí ó bá fi ara kan ìjókòó náà dáadáa, ooru á kọjá láti etí fáàfù sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà, omi tí ó yí i ká á sì gbé e lọ sí rédíétọ̀. Bí àlàfo bá kéré jù, tí fáàfù kò jókòó tán, ohun búburú méjì á ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: iná á máa gba etí fáàfù tí ó ṣí sílẹ̀ jáde, ooru kò sì ní rí ibi kọjá. Etí fáàfù á jó bí etí ìkòkò tí a gbàgbé sórí iná, a ó sì pàdánù agbára sílíńdà náà.

Bí àlàfo bá pọ̀ jù, ìpalára rẹ̀ yàtọ̀. Fáàfù á pẹ́ kí ó tó ṣí, á sì tètè pa dé, kò sì ní ṣí tó bí ó ti yẹ. Ẹ́ńjìnì kò ní rí afẹ́fẹ́ tó, yóò máa tú èéfín dúdú, òkè á sì máa ṣòro fún un láti gùn. Rọ́kà á máa lu ìdí fáàfù dípò kí ó tẹ̀ ẹ́, ìlù yìí á sì máa jẹ imú rọ́kà àti ojú tápẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀.

Ariwo àti ìdákẹ́jẹ́

Ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ gbà pé ẹ́ńjìnì tí kò pariwo ni ẹ́ńjìnì tí ó dára. Ní ti rọ́kà, èrò yìí lè ṣini lọ́nà. Àlàfo tí ó pọ̀ jù máa ń pariwo, ó máa ń ké bí ẹni pé a ń fi ṣíbí lu àwo, ó sì ń kìlọ̀ fún awakọ̀ kí ó tó bàjẹ́. Àlàfo tí ó kéré jù kì í sọ nǹkan kan. Ẹ́ńjìnì á dákẹ́ rọ́rọ́, awakọ̀ á sì máa yọ̀, títí di ọjọ́ tí fáàfù bá jó.

Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí ó ti ń pariwo díẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó ṣàdédé dákẹ́ láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, fi yẹ fún àyẹ̀wò. Bí ìjókòó fáàfù bá ń jẹ, fáàfù á máa wọnú tọ́ọ̀pù sílíńdà lọ díẹ̀díẹ̀, ìdí rẹ̀ á máa yọ sókè sí rọ́kà, àlàfo á sì máa kéré sí i. Ìdákẹ́jẹ́ náà kì í ṣe ìlera. Nítorí èyí, mẹkáníìkì tí ó bá dín àlàfo kù ju ìwọ̀n lọ kí oníbàárà lè gbọ́ ẹ́ńjìnì tí ó dákẹ́ ń fi owó ẹni náà ra ìyìn ọjọ́ kan.

Àyẹ̀wò kí a tó tò ó

Kò sí ìṣètò tí ó lè wo irin tí ó ti jẹ sàn. Nígbà tí a bá tú ẹ́ńjìnì, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Imú rọ́kà: Ibi tí rọ́kà ti ń kan ìdí fáàfù máa ń jẹ, a sì máa dá kòtò kékeré. Kòtò yìí ni ọ̀tá tí ó burú jù fún ìṣètò. Fíílà géèjì jẹ́ irin pẹlẹbẹ. Kì í wọ inú kòtò, orí etí kòtò ni ó ń gbà kọjá. Mẹkáníìkì á rò pé mìlímítà 0.30 ni òun fi sílẹ̀, nígbà tí àlàfo tí ó wà níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòtò tí kò jìn ṣeé fi ẹ̀rọ ìlọ́rin lọ̀ kúrò, bí ìrísí imú rọ́kà kò bá yí padà. Èyí tí ó jìn, pípààrọ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ọ̀pá rọ́kà: Abẹ́ ọ̀pá ni ó máa ń jẹ jù, nítorí ibẹ̀ ni agbára sípíríǹgì ń ti rọ́kà sí. Bí a bá fi èékánná fa ojú ọ̀pá náà tí èékánná kọ́, ó ti jẹ nìyẹn.

Ihò ọ́ìlì: Inú ọ̀pá rọ́kà ṣófo, ọ́ìlì sì ń gba inú rẹ̀ lọ sí ara rọ́kà kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì tí ó ti jóná máa ń dí àwọn ihò yìí. A gbọ́dọ̀ yọ ìdérí orí ọ̀pá, kí a fọ inú rẹ̀, kí a fi wáyà tín-ín-rín la ihò kọ̀ọ̀kan, kí a sì dá ìdérí náà padà. Bí a bá gbàgbé ìdérí yìí, ọ́ìlì á tú jáde ní orí ọ̀pá, àwọn rọ́kà á sì máa ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ.

Púùṣì-rọ́ọ̀dù: A máa ń yí i lórí gíláàsì títẹ́jú. Èyí tí ó bá tọ́ á yí geere. Èyí tí ó bá tẹ̀ á máa fò sókè sódò. A kì í na èyí tí ó tẹ̀, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Tápẹ́ẹ̀tì àti kámúṣáàfù: Ojú tápẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dán. Bí ó bá ti rì ní àárín tàbí tí ó ti ń bó, a gbọ́dọ̀ wo kókó kámúṣáàfù tí ó bá a ṣiṣẹ́. Tápẹ́ẹ̀tì tuntun lórí kámúṣáàfù tí ó ti jẹ kì í pẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń fojú fò. Àwọn irin tí ó ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti mọ ara wọn. Púùṣì-rọ́ọ̀dù sílíńdà 1 kò gbọdọ̀ lọ sí sílíńdà 4. Ọ̀nà tí kò ná ni ní owó ni kí a lu ihò 12 sára páálí, kí a kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì ki púùṣì-rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan bọ ihò tirẹ̀ bí a bá ti ń yọ wọ́n.

Títò ó padà

Tọ́ọ̀pù sílíńdà gbọ́dọ̀ ti wà ní ipò, kí a sì ti dè é ní ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnì sọ, kí ìṣètò àlàfo tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó ki púùṣì-rọ́ọ̀dù bọ àyè wọn, a ó sì rí i dájú pé ìdí wọn jókòó sínú ago tápẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí a tó gbé ọ̀pá rọ́kà lé e, a gbọ́dọ̀ tú gbogbo skúrù ìṣètò sẹ́yìn dáadáa. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, fáàfù tí àlàfo rẹ̀ kò tó lè ṣí ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó sì kan orí písítìn. Nínú ẹ́ńjìnì dísẹ́lì, àyè tí ó wà láàárín písítìn àti tọ́ọ̀pù sílíńdà kéré púpọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni ó ń tan iná epo.

Ihò ọ́ìlì ara ọ̀pá gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ìwé ẹ́ńjìnì sọ. Ọ̀pá tí a gbé dojú dé ṣeé dè, ẹ́ńjìnì á sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì kò ní dé ibi tí agbára wà. Nígbà tí a bá ń de bóòtù rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí àwọn sípíríǹgì tí fáàfù wọn ṣí ní àkókò náà ń ti ọ̀pá náà sókè. Bí a bá de orí kan tán kí a tó fọwọ́ kan èkejì, ọ̀pá lè tẹ̀, ó sì lè kán.

Ìgbésẹ̀ ìṣètò àlàfo

Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù. A ó yọ wáyà bátìrì, a ó sì fa ọwọ́ ìpaná epo kí ẹ́ńjìnì má baà tan lójijì. Ọwọ́ ni a ó fi yí kíráńkì, kì í ṣe sítátà. Bí a bá ti yọ àwọn nọ́sù, yóò rọrùn láti yí.

Ìtẹ̀léra ìgbaná OM 352 ni 1-5-3-6-2-4, sílíńdà 1 sì ni èyí tí ó wà ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù. Nínú irú ẹ́ńjìnì yìí, àwọn písítìn máa ń rìn ní méjì-méjì: 1 pẹ̀lú 6, 5 pẹ̀lú 2, 3 pẹ̀lú 4. Nígbà tí ọ̀kan bá wà ní òkè tí fáàfù rẹ̀ méjèèjì pa dé, èkejì rẹ̀ náà wà ní òkè, ṣùgbọ́n fáàfù tirẹ̀ ń pààrọ̀ ipò: fáàfù èéfín ń pa dé lọ, fáàfù afẹ́fẹ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìpààrọ̀ yìí ni a fi ń mọ sílíńdà tí ó tó ṣètò:

• Fáàfù sílíńdà 6 ń pààrọ̀: a ṣètò sílíńdà 1.
• Fáàfù sílíńdà 2 ń pààrọ̀: a ṣètò sílíńdà 5.
• Fáàfù sílíńdà 4 ń pààrọ̀: a ṣètò sílíńdà 3.
• Fáàfù sílíńdà 1 ń pààrọ̀: a ṣètò sílíńdà 6.
• Fáàfù sílíńdà 5 ń pààrọ̀: a ṣètò sílíńdà 2.
• Fáàfù sílíńdà 3 ń pààrọ̀: a ṣètò sílíńdà 4.

Láti ipò kan sí èkejì, kíráńkì á yí ìdá mẹ́ta òbìrípo kan, ìyẹn 120°. Bí a bá parí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kíráńkì ti yí ẹ̀ẹ̀mejì, kò sì sí fáàfù tí a fò.

Kí a tó fi géèjì sí i, a gbọ́dọ̀ mọ fáàfù tí ó jẹ́ ti afẹ́fẹ́ àti èyí tí ó jẹ́ ti èéfín. A kì í fojú díwọ̀n èyí. Ihò tí ó dojú kọ páìpù èéfín ni a ó fi mọ fáàfù èéfín, ihò tí ó dojú kọ páìpù afẹ́fẹ́ ni a ó sì fi mọ èkejì rẹ̀.

Fún rọ́kà kọ̀ọ̀kan, a ó tú nọ́ọ̀tì ìdè, a ó ki ewé géèjì sí àárín imú rọ́kà àti ìdí fáàfù, a ó sì fi síkúrúdíráfà yí skúrù títí ewé náà yóò fi máa fà díẹ̀ bí a bá ń yọ ọ́. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ yọ̀ bọ́rọ́. Nígbà náà ni a ó di skúrù náà mú, tí a ó sì fi sípánà de nọ́ọ̀tì. Dídè yìí máa ń yí àlàfo padà, nítorí náà a gbọ́dọ̀ tún géèjì náà kì sí i lẹ́ẹ̀kejì. Àyẹ̀wò tí ó dájú ni pé ewé 0.30 á wọlé, ewé 0.35 kò ní wọlé.

Mìlímítà àti íńṣì

Ìṣòro kan wà tí ó jẹ́ ti ibi tí ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọkọ̀ Jámánì ti jọ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ìwé Bedford àtijọ́ ń fi íńṣì sọ̀rọ̀, ti Mercedes-Benz sì ń fi mìlímítà sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í pe odindi ìwọ̀n náà. Wọ́n á kàn ní "fi 20 sí i" tàbí "fi 12 sí i". Ṣùgbọ́n 0.20 mìlímítà dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí íńṣì 0.008, nígbà tí íńṣì 0.020 dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí mìlímítà 0.51. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá fi géèjì onííńṣì ṣe "20" fún fáàfù afẹ́fẹ́ OM 352 ti fi àlàfo tí ó ju ìlọ́po méjì lọ sí i, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: kí a ka ohun tí a kọ sára ewé géèjì, kí a sì pe ìwọ̀n náà tán.

Bákan náà, ìwọ̀n OM 352 kì í ṣe ti gbogbo ẹ́ńjìnì. Àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tí ìwé wọn ní kí a ṣètò wọn nígbà tí wọ́n bá gbóná. Ìwé ẹ́ńjìnì tàbí àkọlé ara ìdérí rọ́kà ni ó yẹ kí a tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti tan

A máa ń da ọ́ìlì sórí àwọn rọ́kà kí a tó tan ẹ́ńjìnì fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ó bá ti tan, ó dára kí a fi ìdérí rọ́kà sílẹ̀ díẹ̀, kí a rí i pé ọ́ìlì ń sun jáde ní ara rọ́kà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ́ìlì kò bá dé ibẹ̀, a gbọ́dọ̀ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí a sì wá ìdí rẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń pẹlẹbẹ sí i lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tí ó sì tutù. Níbi tí ìwé ẹ́ńjìnì bá ti ní kí a tún tọ́ọ̀pù sílíńdà dè, àlàfo á yí padà. Tọ́ọ̀pù sílíńdà ti sún mọ́ kámúṣáàfù, ṣùgbọ́n púùṣì-rọ́ọ̀dù kò kúrú sí i. Nítorí náà, àlàfo á kéré sí i. Ẹni tí ó bá tún tọ́ọ̀pù dè tí kò tún rọ́kà ṣètò ti dá ewu tí ó fẹ́ yẹra fún padà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àtúntò ẹ́ńjìnì tí ó dára ti ń bàjẹ́: olówó ọkọ̀ ń kánjú kí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó, kò sì ní dá a padà fún ìṣètò kejì. Ó yẹ kí mẹkáníìkì ka ìpadàbọ̀ yìí mọ́ iye tí ó bá oníbàárà ṣe àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kíkọ́ iṣẹ́ náà

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú bí i ti ilẹ̀ Yorùbá yòókù, ẹsẹ̀ ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láti orí fífọ irin pẹ̀lú epo, á máa mú sípánà fún ọ̀gá, lẹ́yìn ọdún mélòó kan á gba ìyọ̀ǹda, á sì dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ìṣètò rọ́kà jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí a fi ń mọ̀ bóyá ọmọ iṣẹ́ ti ń ní sùúrù.

Àwọn ọ̀gá àgbà kan wà tí wọn kì í lo géèjì mọ́. Wọ́n á fi ọwọ́ mi rọ́kà, wọ́n á sì mọ bí àlàfo ṣe tó. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ọwọ́ tí ó ti ṣe ohun kan náà fún ọgbọ̀n ọdún mọ ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ọwọ́ kò lè fi ìdánilójú ya mìlímítà 0.20 sọ́tọ̀ kúrò lára 0.15. Ewu tí ó tún tẹ̀ lé e ni pé ọ̀gá kò lè fi ọwọ́ rẹ̀ jogún fún ọmọ iṣẹ́. Ohun tí ó ṣeé fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ni ìwọ̀n, ìtẹ̀léra àti ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń lo méjèèjì pọ̀, géèjì ni ó ń sọ iye, ọwọ́ ọ̀gá sì ni ó ń sọ pé rọ́kà kan ti jẹ tàbí pé púùṣì-rọ́ọ̀dù kan kò jókòó dáadáa.